Ìròyìn Ayọ̀ Tó Ṣáájú Sẹ́nétì

Ní ẹ̀ka tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n máa ń gbé ìwé ìròyìn ìparí sáà kọ́ lọ́rùn. Kò sí owó níbẹ̀, kò sì sí ìgbéga tó ń bá a wá. Ojú ìwé mẹ́jọ ni, a ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá gééètì, a sì ń pín in lọ́jọ́ ayẹyẹ tí a fi ń kádìí sáà. Ẹni tó gboyè ọ̀mọ̀wé, ẹni tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde, ẹni tó bímọ, ẹni tó fẹ̀yìn tì, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ẹ̀bùn níbi ìdíje ewì, gbogbo rẹ̀ la ń kó síbẹ̀. Ẹ̀ka lítíréṣọ̀ ni wá, ní yunifásítì kan lágbègbè Àkúrẹ́. Àwọn kan nínú wa ń kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ń kọ́ ti Yorùbá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà la jọ ń rìn.

Àwọn tí mo ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ fún ni àwọn olùkọ́ bíi tèmi, tó ń kó ìròyìn jọ, tó ń di gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ ayẹyẹ. Mo ti yọ orúkọ gbogbo ènìyàn kúrò. N kò yọ ẹ̀bi tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọdún náà ṣe rí. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kó tó parí. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣe là ń sá tẹ̀lé kàlẹ́ńdà bí ẹni tí mọ́tò ń fi sílẹ̀. Ìwé ìdánwò kan kò tíì kúrò lórí tábìlì tí òmíràn ti dé. Òru ni mo ń máàkì, òru ni mo ń tẹ máàkì sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Báyìí la ṣe wọ́ dé ìparí ọdún 2023, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ wa tipẹ́.

Níbi ìpàdé wa, ẹnìkan rán wa létí pé ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún náà ni yóò pé ọgọ́ta ọdún gééré tí D. O. Fágúnwà kú. Ọmọ Òkè-Igbó ni, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Ẹ̀ka lítíréṣọ̀ wo ní ìpínlẹ̀ yìí ni yóò jẹ́ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá lórí òun? Ọjọ́bọ̀ ló bọ́ sí. A ní ọjọ́ náà gan-an ni ká ṣe ayẹyẹ ìparí sáà. Inú gbogbo wa dùn sí i. Kò sẹ́ni tó béèrè ìgbà tí Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì, máa jókòó.

Fún ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń lọ: máàkì tí olùkọ́ fi sílẹ̀ kò tíì di èsì. Ó ń ti ọwọ́ olùkọ́ bọ́ sọ́wọ́ olùdarí ìdánwò, ó ń dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka, olùdánwò tó wá láti yunifásítì mìíràn yóò yẹ ti àwọn tó ń jáde wò, ó kan ìgbìmọ̀ fákọ́tì, kí Sẹ́nétì tó wá fọwọ́ sí i. Níbikíbi lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n lè dá a padà. Gbogbo wa la mọ èyí. Àwọn àgbà nínú wa tilẹ̀ máa ń fi kọ́ àwọn tuntun.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì sí ayẹyẹ nígbà tí olùdarí ìdánwò wa, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, bá mi lọ́dẹ̀dẹ̀. "Sà, ó jọ pé a ní fáàsì kíláàsì o." Ọdún mẹ́fà la ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Mo ní ta ni? Ó dárúkọ ọmọbìnrin kan tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, tí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í. Yúníìtì 160 ló kà fún ọdún mẹ́rin, póìntì 720 ló kó jọ. Ẹ pín in: 4.50, kò lé, kò dín. Ibẹ̀ gan-an ni fáàsì kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kò tíì dé fákọ́tì o, sà," ló fi kún un.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ọmọ náà ti fẹ́ gba fáàsì kíláàsì "bí Sẹ́nétì bá fọwọ́ sí i". Olórí ẹ̀ka wa, tó fẹ́ràn ẹ̀ka yìí bí ojú, ka ohun tí mo kọ, ó fi bírò pupa fagi lé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn. Ó ní ìwé ayọ̀ ni, kí la ń fi "bí" ṣe nínú rẹ̀? Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn lọ kí ìyá ìkókó tó wá ń sọ pé "bó bá yè." Ẹ̀rín pa mí, mo sì yọ ọ́. Ká ní mo fẹ́ gba ara mi sílẹ̀, bírò pupa yẹn ni ǹ bá tọ́ka sí pé ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ láti ọwọ́ mi kí ọ̀gá tó mú bírò rárá.

Ayẹyẹ náà dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí pé tí nǹkan bá bàjẹ́ tán, kálukú á máa ṣe bí ẹni pé ara ti ń fu òun tẹ́lẹ̀. Ara kankan kò fu mí. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún kìíní ṣeré ọdẹ àti iwin, iwin kan wọ awò ojú wọlé, ó ní òun ò lè rí ọdẹ tí òun bá bọ́ ọ, gbogbo gbọ̀ngàn sì ya ẹnu ẹ̀rín. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan lára àwọn tó ń jáde ló ń sáré jáde lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó wọ ẹ̀wù funfun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi máàkà kọ orúkọ àti àdúrà sí níwá-lẹ́yìn, ọ́ìlì ti pa èyí tí wọ́n kọ sí apá ọ̀tún rẹ́. (Àwọn yunifásítì kan ti fòfin de ẹ̀wù kíkọ yìí. Tiwa ń mójú kúrò, bí wọn kò bá ṣáà ti da omi síra wọn lára.)

Ẹbí ọmọbìnrin náà wá láti ìlú Oǹdó, bọ́ọ̀sì kan kún fọ́fọ́. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀. Oṣù Kejìlá kì í ṣe ìgbà tí irú wọn ń rìn kiri, síbẹ̀ ó wá, tòun ti fìlà. Wọ́n gbé kúlà iyán mẹ́ta àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ní ẹran ìgbẹ́. Wọ́n gbé fẹ́lẹ́ẹ̀sì kan tí àwòrán ọmọ wọn wà lórí rẹ̀, tí wọ́n kọ FIRST CLASS sí lábẹ́ àwòrán náà, lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju orúkọ ọmọ lọ. Ìwé ìròyìn wa ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé tí wọ́n fi lọ tẹ̀ ẹ́, torí mo ti fi ojú ìwé kẹta ránṣẹ́ sórí WhatsApp lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni mo ka orúkọ náà nínú gbohùngbohùn. Màmá rẹ̀ tú ìborùn èjìká rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pé kí ọmọ òun tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ọmọ náà kọ́kọ́ lọ́ra. Nígbà tó yá, ó bọ́ bàtà, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ọmọkùnrin ìdí jẹnẹrétọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pàtẹ́wọ́ bí àwọn yòókù. Òun àti ọmọbìnrin náà kò tan, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá kan náà ni wọ́n ń jẹ́, lẹ́tà tó sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ tiwọn náà bára mu.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 11, ìgbìmọ̀ fákọ́tì jókòó. Àṣà wọn ni pé ẹni tí èsì rẹ̀ bá jókòó sórí ààlà gan-an, wọ́n á ní kí wọ́n gbé ìwé rẹ̀ wá. Díìnì, olórí fákọ́tì, wo 4.50 yẹn, ó ní kí gbogbo olùkọ́ tó kọ́ ọ lọ́dún tó kẹ́yìn kó ìwé ìdánwò àti ti tẹ́ẹ̀sì wá kó tó di ọ̀sán. Kọ́ọ̀sì tèmi jẹ́ yúníìtì mẹ́ta. Mo fún un ní 71: 24 nínú 30 fún tẹ́ẹ̀sì, 47 nínú 70 fún ìdánwò.

Mo fa dúróà mi. Àwọn ìwé tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ọmọ kò wá gbà wà níbẹ̀, mo fi rọ́bà dì wọ́n. Mo rí ti ọmọbìnrin náà. 19. Nínú íǹkì pupa tèmi, mo fi òbírí yí i ká. Mo kọ́kọ́ rò pé ti ẹlòmíràn ni, mo tún orúkọ kà. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni ti ọmọkùnrin náà wà, 24, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fi pín-ìn-nì mọ́ ọn. Lẹ́tà náà kò ju ìlà márùn-ún lọ. Ó ní 24 ni mo kọ síwèé òun, 19 ni òun rí lórí pátákó ìkéde, òun sì fi ìwé náà há a kí n lè rí i fúnra mi. Ó ti pé oṣù mélòó kan tó ti kọ ọ́.

Mo rántí ọjọ́ tó mú un wá. Mo ń ti ilẹ̀kùn, mo ń lọ sípàdé. Mo ní kó fi síbẹ̀. Mo tún fi kún un pé máàkì tí mo bá ti fi sílẹ̀, n kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ìwà òtítọ́ yangàn. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì lọ. N kò ka lẹ́tà náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn débi pé ó ń tini lójú. Orúkọ ni mo fi tẹ máàkì sínú Excel, n kò fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, mo sì gbé máàkì ọ̀kan fún èkejì. Tí a bá tún un ṣe, 47 àti 19 jẹ́ 66, A di B, póìntì kan lọ lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lápapọ̀: 717 sí 160, ó di 4.48. Ọmọkùnrin náà ní tirẹ̀ gba 37 nínú ìdánwò. Pẹ̀lú 24, 56 rẹ̀ di 61, C di B, póìntì 527 di 530. 3.29 di 3.31. Kò yí ipele rẹ̀ padà.

Ẹnìkan ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ẹlòmíràn ní ká wá máàkì kan fún ọmọ náà nínú kọ́ọ̀sì mìíràn. Olùdarí ìdánwò wa ló kọ́kọ́ sọ pé rárá, díìnì kò tilẹ̀ gbọ́ ìyókù. Kò pẹ́ lórí èyí, mo sì dúpẹ́ pé kò pẹ́.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà ló burú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù. Mo kí i, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, mo wá ní "àṣìṣe kékeré kan" ló wáyé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Excel. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Sà, ṣé ẹ̀ ń bá mi ṣeré ni?" Ó pa fóònù. Títí di òní, ọ̀rọ̀ "kékeré" yẹn ṣì ń dùn mí. Àṣìṣe tèmi ni mò ń pè ní kékeré. Òun gbọ́ ọ bí ẹni pé ohun tó bọ́ lọ́wọ́ òun ni mo fojú kékeré wò.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé àtúnṣe sórí WhatsApp ẹ̀ka. A ní a kò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni, torí náà a kò dárúkọ, a kò sọ ìdí: èsì tó wà lójú ìwé kẹta kì í ṣe èsì ìkẹyìn, a tọrọ àforíjì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtàn mẹ́ta ti ń rìn káàkiri. Ọ̀kan ní ọmọ náà jí ìwé wò nínú ìdánwò. Èkejì ní olùkọ́ kan dẹnu kọ ọ́, ó kọ̀. Ẹ̀kẹta ní ọmọ ẹni ńlá kan ni wọ́n fẹ́ fi ipò náà fún. Àwa la fi àyè sílẹ̀, àwọn èèyàn sì fi ohun tí wọ́n mọ̀ nípa yunifásítì dí i. Bí mo bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìtàn kejì ni èmi náà ì bá gbà gbọ́.

Akọ̀wé ẹ̀ka wa tẹ́lẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló gbà wá. Ọmọ Oǹdó ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó pè mí, ó ní kí ni mo ṣì ń ṣe ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 16, èmi, olórí ẹ̀ka àti Màmá jọ wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. A gbé kúlà kan tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ sínú búùtù. Mo kó ẹ̀dà ìwé tẹ́ẹ̀sì méjèèjì dání, mo fi bébà bo orúkọ ọmọkùnrin náà. Lójú ọ̀nà, mò ń tún ohun tí mo fẹ́ sọ sọ lábẹ́nu. Màmá gbọ́ mi. Ó ní, "Dókítà, tí ẹ bá fi lè ṣàlàyé kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn padà sí Àkúrẹ́."

A bá bàbá náà lójúde, kòkó wà lórí tàpólì, ó ń fi pátákó yí i sí oòrùn. Òórùn kíkan rẹ̀ kún gbogbo àgbàlá. Màmá kí i ní ẹ̀ka-èdè Oǹdó, ó sì jẹ́ kí ìkíni pẹ́. Èmi dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣe é. Ọmọ yín kò ṣe nǹkan kan." Ó ní, "Ẹ dìde, tíṣà." Ó wẹ ọwọ́, ó wọ awò ojú, ó ní òun fẹ́ rí ìwé náà.

Ó gbé méjèèjì lé orí itan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní kí n ka máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí òun létí, kí òun rò ó pọ̀. Ó fi ìka ro ó. Ti ọmọ rẹ̀ jẹ́ 19. Ó tún un rò, 19 náà ni. Ó rò ti ẹnìkejì, 24. Gbogbo rẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbé kòkó sórí òṣùwọ̀n àwọn oníkòkó, àwọn tó rẹ́ òun jẹ kò níye, ẹni tó padà wá sílé láti wá jẹ́wọ́, òun kò tíì rí i rí. N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni àbí ẹ̀gún.

Ó wá fi ìka lu bébà tí mo fi bo orúkọ. "Ta ló ni 24 yìí?"

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ni.

"Ṣé ẹ ti lọ bẹ òun náà?"

Olórí ẹ̀ka wo mi, mo wo ilẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, ìpàdé mẹ́rin, àìmọye ìpè fóònù, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rántí ọmọkùnrin náà. A ti tún máàkì rẹ̀ ṣe lórí ìwé, ó parí. Bàbá náà mi orí. Ó ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran o." Ọmọbìnrin náà wà nínú yàrá, a rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ kọ́tìnì, kò jáde. Màmá rẹ̀ gba kúlà lọ́wọ́ wa, ó wọlé, òun náà kò sì jáde mọ́.

Láti Oǹdó ni a ti lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà tààrà. Ìdí POS ló wà, lábẹ́ agbòòrùn kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ó ń ka owó fún oníbàárà. Ó dìde nígbà tó rí wa, ó rò pé owó la fẹ́ gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, lójú oníbàárà rẹ̀. Mo ní mo rí lẹ́tà rẹ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè pé lẹ́tà wo. Nígbà tó rántí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Sà, nígbà tí ẹ kò dáhùn, mo rò pé èmi ni mi ò mọ nọ́ńbà kà." Ó tún béèrè bóyá ọmọbìnrin náà mọ̀ pé òun kọ́ ló fẹjọ́ sùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Ó ti gbọ́ ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun wà nínú rẹ̀ níbì kan.

Lọ́jọ́ náà, a yọ àtúnṣe àkọ́kọ́ kúrò, a sì gbé òmíràn jáde pẹ̀lú ìyọ̀ǹda bàbá ọmọ náà àti ti ọmọkùnrin yìí: pé olùkọ́ ló gbé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ méjì fún ara wọn, pé èmi ni olùkọ́ náà, pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ṣe àìdáa, pé ọ̀kan nínú wọn ti kọ lẹ́tà tí mi ò kà. Ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú láàárín ọjọ́ méjì. Wọ́n wá ń sọ tèmi, èyí tó tọ́.

Ohun tí a yí padà kò pọ̀. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ la fi ń tẹ máàkì báyìí, a sì ń tẹ́ máàkì tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí kálukú fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó ń jẹ odindi wákàtí kan lára kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ń kùn pé a ti sọ wọ́n di akọ̀wé báńkì. Ìwé ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba òǹtẹ̀ àti déètì lọ́wọ́ akọ̀wé kó tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ayẹyẹ lè bọ́ sí ọjọ́ tó bá wù ú, kí a ṣeré, kí a kéwì, kí a jẹ iyán, ṣùgbọ́n ipele oyè kankan kò gbọdọ̀ wọ ìwé ìròyìn kí lẹ́tà Sẹ́nétì tó dé. Olórí ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ló kọ èyí sílẹ̀. Bírò pupa náà ló fi kọ ọ́.

Nígbà tí Sẹ́nétì fọwọ́ sí èsì, 4.48 ló ṣì ga jù lọ nínú ọ̀wọ́ náà. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun wọ ìwé ìròyìn sáà tuntun. Kò dáhùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó dáhùn, ó ní kí n fi sí i, ṣùgbọ́n òun máa kà á kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí i, orúkọ gbogbo àwọn tó jáde, ní títẹ̀lé lẹ́tà A, B, D. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ipele, kò sì kí mi. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló tún ṣe lórí orúkọ bàbá rẹ̀, ìsàlẹ̀ tí mo ti fi sí òkè. Ó sì tún ti ọmọkùnrin náà ṣe, ní ìlà tó tẹ̀lé e.